Pípààrọ̀ oríkèé èjìká fún àgbàlagbà: ẹ̀yin tí ẹ ti rí i rí, ẹ bá wa dá sí i

Ọmọ Aláró

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé wa. Òṣogbo níbí ni mo wà, ọ̀rọ̀ ìyá mi ni mo gbé wá. Ẹni ọdún 74 ni wọ́n. Iṣẹ́ aró ni wọ́n fi tọ́ wa. Ẹ mọ bí aṣọ ṣe ń wúwo tó tó bá ti mu aró: wọ́n á tẹ̀ ẹ́ bọ ìkòkò, wọ́n á fà á sókè, wọ́n á fún un, wọ́n á tún tẹ̀ ẹ́ padà. Apá ọ̀tún ló ń jìyà rẹ̀ jù.

Ó ti pẹ́ tí èjìká ọ̀tún yẹn ti ń dùn wọ́n. Níbẹ̀rẹ̀, ìpara àti oògùn ìrora ń ká a. Ní báyìí, wọn ò lè fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sùn mọ́. Lóru, mo máa ń gbọ́ tí wọ́n ń kérora, wọ́n á dìde jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á fi ọwọ́ òsì di ti ọ̀tún mú mọ́ àyà títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Tí wọ́n bá fẹ́ mu omi, ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń ti ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún sókè kí ife tó lè dé ẹnu.

Dókítà egungun wo X-ray. Ó ní kèrékèré tó wà láàárín egungun ti jẹ tán, àwọn iṣan kéékèèké tó di èjìká mú ti já tipẹ́, orí egungun apá sì ti gòkè kúrò ní àyè rẹ̀. Ó ní kí á lọ rò ó bóyá a ó fi irin pààrọ̀ oríkèé náà, pé èyí tí wọ́n ń pè ní reverse ló bá wọn mu. Ilé wa ti pín sí méjì. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà l'Ékòó ní kí á ṣe é kíá. Àbúrò ìyá mi ní a kì í gbé arúgbó fún ọ̀bẹ, pé nǹkan àṣẹ̀ṣẹ̀dé ni, wọ́n fẹ́ fi ìyá wa kọ́ṣẹ́ ni. Ìyá mi dákẹ́, wọ́n ń wo ojú wa.

Ṣé ìrora yẹn á lọ lóòótọ́? Ṣé apá yẹn á gbéra? Báwo ni irin náà ṣe ń pẹ́ tó lára? Kí ló lè ṣẹlẹ̀ tí kò dára? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ dídùn tù mí nínú, òótọ́ ni mo fẹ́.

Físíò Òkè-Fìà

Ẹ kú ìtọ́jú màmá. Iṣẹ́ mi ni kí n máa ran àwọn tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ egungun lọ́wọ́ láti lo apá àti ẹsẹ̀ wọn padà. Ti ìbàdí àti orúnkún ló pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n mo ti bá olójìká àtọwọ́dá náà ṣiṣẹ́.

Èjìká kò rí bí ìbàdí. Kòtò ìbàdí jìn, orí egungun itan wọ inú rẹ̀ ṣinṣin. Ti èjìká, kòtò náà kéré, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ, orí egungun apá kàn fara tì í ni. Iṣan mẹ́rin ló yí i ká, tí wọ́n dì í mú sí àárín. Iṣan ńlá tó bo èjìká lókè, tí à ń pè ní deltoid, ló ń fa apá sókè. Tí àwọn mẹ́rin yẹn bá ti já, tí kò sí ohun tó di orí egungun mú mọ́, deltoid á kàn fa egungun náà gòkè lọ gbá egungun òkè èjìká, apá kò ní gbéra. Bí wọ́n bá sì ti ń gbo ara wọn bẹ́ẹ̀ fún ọdún pípẹ́, kèrékèré á jẹ tán. Ohun tí dókítà rí nínú X-ray màmá nìyẹn.

Wọ́n lè pààrọ̀ orí egungun apá nìkan. Wọ́n lè pààrọ̀ orí àti kòtò, kí oníkálukú wà ní àyè tó wà tẹ́lẹ̀. Ìyẹn dára fún ẹni tí kèrékèré rẹ̀ ti jẹ ṣùgbọ́n tí iṣan mẹ́rin rẹ̀ ṣì pé. Èyí tí wọ́n dárúkọ fún màmá ni ẹ̀kẹta: wọ́n á so bọ́ọ̀lù irin mọ́ ibi tí kòtò wà tẹ́lẹ̀, wọ́n á wá fi kòtò ike sí orí egungun apá. Ńṣe ni wọ́n pa àyè wọn dà. Paul Grammont, dókítà kan ní Dijon, ilẹ̀ Faransé, ló gbé irú èyí tí wọ́n ń lò báyìí jáde ní 1985. Nítorí pé ojú ibi tí oríkèé ti ń yí ti wálẹ̀, tó sì ti sún sí ìhà àyà, deltoid á lágbára láti gbé apá fúnra rẹ̀, bí àwọn iṣan mẹ́rin yẹn kò tilẹ̀ sí.

Nítorí náà, ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni bóyá deltoid màmá yè. Dókítà á yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lè wò ó nílé. Kí wọ́n jókòó, kí wọ́n fi ìgbọ̀nwọ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́, kí ẹ ní kí wọ́n tì í síta, kí ẹ fi ọwọ́ dí i lọ́nà. Ẹ fi ọwọ́ kejì kan ẹran òkè èjìká. Tó bá ń le lábẹ́ ìka yín, iṣan náà ń ṣiṣẹ́. Tó bá rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, ẹ sọ fún dókítà kí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ tó lọ síwájú, torí láìsí iṣan yẹn, reverse kò lè gbé apá.

Ní ti ìbéèrè yín: ìrora ni iṣẹ́ abẹ yìí ń mú lọ jù. Ọ̀pọ̀ jù lọ ló ń sùn dáadáa lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Apá sábà máa ń gbéra kọjá èjìká, ó lè dé nǹkan bí digírì 120, ọwọ́ á dé ẹnu, á dé orí. Àmọ́ kì í padà di apá ọmọ ogún ọdún, yíyí apá sẹ́yìn sì ni yóò ṣòro jù.

Ìyá Olójà Ìgbọ̀nà

Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ ṣé o, ṣùgbọ́n èmi wà lẹ́yìn àǹtí yẹn, àbúrò màmá. Ẹni ọdún 74! Ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́? Ìtọ̀ ṣúgà ńkọ́? Abẹ́rẹ́ akunnilóorun yẹn nìkan, ṣé ara àgbà gbà á? Mo mọ ẹni tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ tíátà tí kò jáde. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa fi òrí àti adín àgbọn pa á, kí ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́ mọ́, kí ẹ máa tọ́jú wọn. Ohun tí wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1985 kò tíì pẹ́ lójú tèmi.

Nọ́ọ̀sì Tíátà

Ẹ kú ọjà o, mà. Ìbẹ̀rù yín kì í ṣe ti asán, nọ́ńbà wà fún un, ẹ jẹ́ kí n gbé e síbí.

Ní England, wọ́n yẹ ìwé iṣẹ́ abẹ èjìká tó lé ní 58,000 wò, àwọn tí wọ́n ṣe láti 1998 sí 2017, tí kì í ṣe ti pàjáwìrì. Ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ gbé e jáde ní 2019. Láàárín 90 ọjọ́, ẹnì kan nínú 22 ló ní ìṣòro ńlá: ẹ̀jẹ̀ dídì tó lọ há sí ẹ̀dọ̀fóró, ìkọlù ọkàn, òtútù àyà, wàhálà kíndìnrín, àti ikú pẹ̀lú. Ọjọ́ orí ló sì ń pinnu púpọ̀ nínú rẹ̀. Láàárín àwọn tó ti lé ní ọdún 85, obìnrin kan nínú 9 àti ọkùnrin kan nínú 5 ló ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀. Ìyá Ọmọ Aláró kò tíì dé ibẹ̀ yẹn. Tí ẹ̀jẹ̀ ríru wọn bá wà níwọ̀n, tí ṣúgà wọn bá wà níwọ̀n, tí wọ́n ń gun àtẹ̀gùn láìmí gùlegùle, ewu tiwọn kéré sí ti ẹni ọdún 88 tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀. Tí nǹkan wọ̀nyí kò bá sì sí níwọ̀n, ẹ dúró kí ẹ kọ́kọ́ tún wọn ṣe. Èjìká tó ti ń dunni fún ọdún mẹ́wàá lè dúró fún oṣù mẹ́ta sí i.

Nǹkan àṣẹ̀ṣẹ̀dé kọ́ sì ni, mà. Láti 1893 ni dókítà Péan ti fi oríkèé èjìká tí wọ́n fi irin platinum àti rọ́bà ṣe sára aláìsàn kan ní Paris. Kòkòrò àrùn bà á jẹ́, wọ́n yọ ọ́ lẹ́yìn nǹkan bí ọdún méjì. Láàárín 1950 sí 1960, Charles Neer ní New York gbé tirẹ̀ jáde fún àwọn tí egungun apá wọn fọ́. Reverse náà, ìparí ọdún 2003 ni Amẹ́ríkà tó fọwọ́ sí i, lẹ́yìn tí wọ́n ti ń lò ó ní Yúróòpù fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Nípa bó ṣe ń pẹ́ tó: nínú èjìká 100, ó lé ní 90 tó ṣì wà ní àyè rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 10. Àbọ̀ tí mo dárúkọ lókè yẹn náà sọ pé nínú ọkùnrin tó ṣe é ní ọdún 55 sí 59, ẹnì kan nínú 4 ni wọn yóò tún iṣẹ́ abẹ náà ṣe fún kó tó kú. Nínú obìnrin tó ti pé 85, ẹnì kan nínú 37 ni. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà fi ń fà sẹ́yìn fún ọ̀dọ́, tí wọn kì í bẹ̀rù bẹ́ẹ̀ fún àgbà, nítorí àgbà kò ní fi ogójì ọdún fa omi lórí irin yẹn.

Bàbá Tíṣà Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ọ̀bẹ ti kàn sọ̀rọ̀. Mo lé ní 75 nígbà tí mo ṣe é. Ọmọbìnrin mi tó ń ṣiṣẹ́ ní England ló mú mi lọ, èjìká òsì ni. Reverse náà ni wọ́n ṣe fún mi.

Kí wọ́n tó kùn mí lóorun, wọ́n gún abẹ́rẹ́ kan sí mi lọ́rùn láti pa ìrora apá. Nígbà tí mo jí, apá náà wà lórí àyà mi ṣùgbọ́n n kò gbúròó rẹ̀ rárá. Wọ́n ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀, kò bà mí lẹ́rù. Ọjọ́ kejì ni ìmọ̀lára padà, ìrora sì bá a wá. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ le. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò le. Àga onítìmùtìmù ni mo sùn lé, irọ̀rí lẹ́yìn, irọ̀rí lábẹ́ ìgbọ̀nwọ́, nítorí tí mo bá dùbúlẹ̀ gbalaja, apá náà á fà sẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́. Ìrora tí mo ń sọ yìí, ti ọgbẹ́ ni. Ìrora inú egungun, èyí tó ti ń jí mi láti ọdún dé ọdún, n kò rí i mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi gbé apá kọ́rùn. Lẹ́yìn náà ni físíò bẹ̀rẹ̀ gidi: mo ń fi ìka rìn lára ògiri, ìka kan tẹ̀ lé èkejì, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tí mo dé lánàá. Mo ń fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀pá ìgbálẹ̀ mú, ọwọ́ ọ̀tún á máa ti òsì sókè. Oṣù mẹ́ta, apá dé èjìká. Ọdún kan, mo ń gbé Kùránì láti orí pẹpẹ tó ga jù mí lọ díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tí wọn kì í sọ fún àgbà, nítorí ojú ń tì wọ́n. Apá òsì ni tèmi. Ẹ̀yin Mùsùlùmí mọ ohun tí à ń fi ọwọ́ òsì ṣe ní ilé ìyàgbẹ́. Ọwọ́ mi kò dé ẹ̀yìn fún oṣù púpọ̀. Ọmọ mi ra páìpù kékeré tó ń tu omi, wọ́n so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ṣáláńgá, mo sì kọ́ bí a ṣe ń gba iwájú wẹ̀ ẹ́. Títí di òní, tí mo bá na apá sẹ́yìn, ìbàdí ló dé, kò dé àárín ẹ̀yìn. Kànrìnkàn kò dé ibẹ̀, mo fi okùn gígùn so ó. Bẹ́líìtì, mo kọ́kọ́ máa ń kì í bọ ṣòkòtò kí n tó wọ̀ ọ́.

Ti sàlá: n kì í fi ọwọ́ òsì ti ara mi dìde nílẹ̀. Dókítà ní oríkèé náà lè yẹ̀ tí mo bá gbé gbogbo ara lé e nígbà tí apá bá yà sẹ́yìn. Lórí àga ni mo ti ń kírun, ẹ̀sìn fàyè gbà á. Ìdọ̀bálẹ̀ gbalaja ti tán fún mi, kódà níwájú Àtáọ́ja, n ó tẹríba, n ó sàlàyé ara mi.

Tí ẹ bá ní kí n tún un ṣe, n ó tún un ṣe. Nítorí oorun nìkan, n ó tún un ṣe.

Ọmọ Aláró

Bàbá, ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀mí yín á gùn nínú àlàáfíà. Mo ka ọ̀rọ̀ yín sí ìyá mi létí. Wọ́n ní kí n béèrè: ṣé wọ́n á lè wé gèlè?

Físíò Òkè-Fìà

Ẹ bá mi kí màmá. Gèlè ṣòro ju ife omi lọ, nítorí kì í ṣe gbígbé apá nìkan, apá gbọ́dọ̀ gbéra kó tún yí síta, kí ọwọ́ wá dé ìpàkọ́ láti so ó. Yíyí síta yẹn, méjì nínú àwọn iṣan mẹ́rin ló ń ṣe é. Tí àwọn yẹn náà bá ti já pátá, apá lè gbéra kí ìpàkọ́ sì ṣòro. Ẹ bi dókítà léèrè pé àwọn iṣan wo ló ṣẹ́kù lẹ́yìn èjìká, àwòrán CT tàbí MRI á fi í hàn. Àwọn mìíràn ń wé e láti iwájú orí kí wọ́n tó sún un sẹ́yìn, àwọn mìíràn ń lo èyí tí wọ́n ti rán. Ìró dídì níwájú kò ní ṣòro. Kọ́mú olókọ́ ẹ̀yìn ni kí ẹ pa tì, ẹ ra èyí tó ń ṣí níwájú.

Ohun tí n kò ní fọwọ́ sí ni ìkòkò aró. Gbígbé aṣọ tó mu omi, fífún un, fífà á láti ìsàlẹ̀, ìyẹn ti parí fún apá yẹn. Kí màmá máa jókòó kọ́ àwọn ọmọ, kí wọ́n máa júwe bí èlú ṣe ń jinná àti ìgbà tí aró pọ́n. Ìka wọn ṣì lè so àdìrẹ oníko dáadáa.

Ọmọ Òròkí l'Ékòó

Ẹ jọ̀wọ́ ẹ má bínú pé mo gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Ìyá àgbà mi, ẹni ọdún 80, yọ̀ ṣubú ní ẹ̀yìnkùlé, egungun apá dá nítòsí èjìká. Ẹnì kan ní kí á sáré lọ pààrọ̀ gbogbo oríkèé, ẹlòmíràn ní kí á gbé wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun lábúlé. Èwo ni ká ṣe?

Nọ́ọ̀sì Tíátà

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ti egungun tó dá yàtọ̀ sí ti kèrékèré tó jẹ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ya X-ray kíá, kí wọ́n rí i pé orí egungun kò yẹ̀ kúrò ní kòtò, kí wọ́n sì wò ó bóyá wọ́n ṣì ń mọ̀ ọ́n lára tí a bá fọwọ́ kàn wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká àti ní ìka. Tí kò bá sí wàhálà yẹn, púpọ̀ nínú àwọn àgbà ni kò nílò ọ̀bẹ. Ní UK, wọ́n kó ènìyàn 250 tí egungun wọn dá níbẹ̀ jọ, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún àwọn kan nínú wọn, wọ́n kàn gbé apá àwọn yòókù kọ́rùn, wọ́n sì ń ṣe físíò fún wọn. Lẹ́yìn ọdún méjì, kò sí ìyàtọ̀ gidi láàárín wọn. 2015 ni àbọ̀ yẹn jáde. Ṣùgbọ́n tí egungun bá fọ́ yángá, tí orí rẹ̀ pín, dókítà lè ní reverse ló dára. Àwọn ará Norway fi reverse wé irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi súkúrù dè mọ́ egungun lára àwọn ẹni ọdún 65 sí 85 tí egungun wọn fọ́ gan-an, reverse ló ṣe dáadáa jù.

Ní ti àwọn tó ń to eegun: n kò ní bú wọn, àwọn ìyá wa ló ń lọ síbẹ̀. Ohun tí mo rí ní wọ́ọ̀dù ni mo ń sọ. Pákó àti okùn tí wọ́n bá dì fún jù lè dá ẹ̀jẹ̀ dúró, ọwọ́ á wú, á tutù, á dúdú, á sì di pé wọ́n gé e. Egungun yìí lè san fúnra rẹ̀ nínú aṣọ tí a fi gbé apá kọ́rùn, kò nílò kí ẹnikẹ́ni fà á.

Arẹwà Alékúwodò

Gbogbo ohun tí ẹ ń sọ dùn létí, ṣùgbọ́n ti bàbá mi kò rí bẹ́ẹ̀. N kò ní dárúkọ ilé ìwòsàn náà. Wọ́n pààrọ̀ èjìká bàbá mi, owó ńlá la san, a tún ta ilẹ̀ kan kún un. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí á máa lọ sílé, wọ́n fún wa ní oògùn àti ọjọ́ tí a ó padà wá yọ okùn. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ físíò. Nílé, gbogbo wa ni a sọ pé kí bàbá má gbé apá, kí irin náà lè jókòó. Àwọn ẹ̀gbọ́n ń fi tówẹ́ẹ̀lì gbígbóná pa á. Ó ti lé ní ọdún kan báyìí, apá náà gan, kò kọjá àyà, ó sì tún ń dùn wọ́n. Inú mi bàjẹ́ gidigidi. Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ mọ́ bíi tàtẹ̀yìnwá.

Físíò Òkè-Fìà

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìfaradà. Ó dùn mí láti kà á. Ìdajì iṣẹ́ yìí ló kù nígbà tí aláìsàn bá kúrò ní tíátà, ẹni tó bá sì ní kí ẹ máa lọ sílé láìsọ ohun tí apá yóò máa ṣe ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ní oṣù kẹta, kò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀ ìdárayá kankan. Apá tó gan, tó tún ń dunni lẹ́yìn ọdún kan, ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ kí wọ́n wò ó bóyá kòkòrò àrùn wà níbẹ̀. Kòkòrò kan wà tí ń jẹ́ Cutibacterium acnes, awọ ara èjìká àti abíyá ló ń gbé. Ti èjìká kò rí bí ti ibòmíràn: ó lè má ṣọyún, ó lè má mú ibà wá. Á kàn máa dunni, á máa gan, fún oṣù tàbí ọdún. Ẹ̀jẹ̀ nìkan lè má fi í hàn, wọ́n lè ní láti fa omi inú oríkèé, kí wọ́n sì fi sílẹ̀ ní láàbù fún ọjọ́ púpọ̀, ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí kòkòrò yìí kì í tètè hù. Kí wọ́n tún ya X-ray tuntun bóyá irin ti tú, tàbí bóyá egungun tín-ín-rín òkè èjìká ti sán. Ìyẹn máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ṣe reverse, pàápàá tí egungun wọn kò bá lágbára. Tí gbogbo rẹ̀ bá mọ́, físíò tí ó pẹ́ ṣì lè mú nǹkan díẹ̀ padà.

Nọ́ọ̀sì Tíátà

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ gbẹ́rẹ́ kún un, torí Ọmọ Aláró ṣì wà ní ìpele ìmúrasílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sín gbẹ́rẹ́ sí èjìká màmá báyìí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ewé gígún gbígbóná dì í títí awọ fi bó. Ojú ọgbẹ́ níbi tí ọ̀bẹ yóò gbà wọlé ni kòkòrò ń gbà dé ara irin. Tí wọ́n bá ti gún abẹ́rẹ́ steroid (oògùn wíwú àti ìrora) sínú oríkèé náà láìpẹ́, ẹ sọ fún dókítà, wọ́n sábà máa ń fẹ́ kó pé oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ. Kí ẹ tọ́jú eyín tó ń kẹ̀ náà ṣáájú.

Ìyá Olójà Ìgbọ̀nà

Ẹ̀yin ọmọ, mo ti ń kà á láti àná. Ọ̀rọ̀ Bàbá Tíṣà wọ̀ mí lára. N kò tíì sọ pé kí wọ́n ṣe é o, ṣùgbọ́n mo ti rí i pé ẹ kì í ṣe aláìmọ̀kan. Ìbéèrè kan ló kù fún mi: owó ńkọ́? Ta ló sì mọ̀ ọ́n ṣe níbí?

Físíò Òkè-Fìà

Mà, òkè òkun ni irin náà ti ń wá, dọ́là ni wọ́n fi ń rà á, iye tí wọ́n bá pè lónìí lè yí padà lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ gba iye náà ní kíkọ sílẹ̀: irin lọ́tọ̀, tíátà lọ́tọ̀, wọ́ọ̀dù lọ́tọ̀, físíò lọ́tọ̀. Tí físíò kò bá sí nínú ìwé yẹn, ẹ bi wọ́n. Tí màmá bá ní ìwé adójútòfò ìlera ìjọba, ẹ lọ béèrè ní ọ́fíìsì wọn ohun tó san àti ohun tí kò san, kí ẹ má dúró di ọjọ́ iṣẹ́ abẹ.

Ní ti ẹni tó mọ̀ ọ́n: a ní ilé ìwòsàn UNIOSUN níbí, OAUTHC wà ní Ifẹ̀, UCH wà n'Íbàdàn, Ìgbóbì wà l'Ékòó. Ibi yòówù kí ẹ lọ, ìbéèrè kan náà ni: dókítà, èjìká mélòó lẹ ń pààrọ̀ lọ́dún? Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín. Èjìká kò wọ́pọ̀ bí orúnkún, ẹni tó bá sì ń ṣe é léraléra ni èsì rẹ̀ ń dára jù. Dókítà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í bínú sí ìbéèrè yẹn.

Ọmọ Aláró

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀yin ni ẹ jẹ́ kí á dá ọ̀rọ̀ náà padà sọ́wọ́ ẹni tó ni apá. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, a pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù, àǹtí jókòó tì wá, a wá bi ìyá mi pé kí ni wọ́n fẹ́ kí apá yẹn máa ṣe fún wọn. Wọn ò dárúkọ aró. Wọ́n ní àwọn fẹ́ sùn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ọwọ́ ọ̀tún jẹun lójú àwọn ọmọ-ọmọ àwọn láìsí pé ẹnikẹ́ni ń wo àwọn. Wọ́n ní tí gèlè bá ṣòro, ọmọ-ọmọ á wé e fún àwọn. Àǹtí kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ló ní òun yóò tẹ̀ lé wa lọ rí dókítà, òun náà fẹ́ gbọ́ ọ létí ara òun.

A ti kọ́kọ́ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà wò. Ẹ̀jẹ̀ ríru ga díẹ̀, wọ́n ti pààrọ̀ oògùn rẹ̀, wọ́n ní kí á padà wá lóṣù tó ń bọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ tíátà. Mo ti kọ ìbéèrè yín sínú ìwé: deltoid, iṣan ẹ̀yìn èjìká, èjìká mélòó lọ́dún, físíò ní ọ̀sẹ̀ wo, iye irin. Ṣé ó ku èyí tí mo gbàgbé?

Bàbá Tíṣà Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

Ẹ wá àga tó ní ọwọ́ méjèèjì, tó ga, sílé kí ẹ tó lọ. Tí àga bá kúrú, ọwọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ni màmá yóò fi ti ara wọn dìde láìmọ̀.

Nọ́ọ̀sì Tíátà

Ẹ kó gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò sínú ọ̀rá kan, ti dókítà, ti kẹ́míìsì, àgbo inú ìgò pẹ̀lú, kí ẹ gbé e síwájú dókítà tó ń kunni lóorun. Àwọn kan ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn jù, ó sì lè ní kí wọ́n dá a dúró ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú. Ẹ má fúnra yín dá èyíkéyìí dúró kó tó sọ bẹ́ẹ̀.